Roger Williams, ẹni tí Boston lé sínú òtútù

Bí ẹ bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ ìtàn àwọn tó wọ ọkọ̀ Mayflower fún yín rí. Wọ́n ní àwọn ènìyàn náà sá kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí òmìnira ẹ̀sìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé: òmìnira ta ni? Kò pẹ́ rárá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sá fún ìyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà kan náà jẹ ẹlòmíràn ní òkè òkun. Wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n lé àwọn kan jáde nílùú, wọ́n sì so àwọn kan rọ̀.

Ìtàn Roger Williams ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí òun ló sọ fún wọn lójú ara wọn pé kò sí ìjọba tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi agbára mú ènìyàn sin Ọlọ́run. Kì í ṣe aláìgbàgbọ́ o. Bí a bá ní ká wá ẹni tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ká lára jù nínú gbogbo wọn, mo rò pé òun ni.

Kí ìtàn rẹ̀ tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà dé ibẹ̀. Ní àkókò yẹn, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ìjọ. Ẹni tí kò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọba lè san owó ìtanràn, àlùfáà tó bá sì tako àṣẹ lè wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan gbà pé àṣà Àgùdà ṣì pọ̀ jù nínú ìjọ náà, wọ́n sì fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ láti inú. Àwọn la mọ̀ sí Puritan. Àwọn mìíràn sọ pé ìjọ náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé àfi kí Kristẹni tòótọ́ jáde kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. (Àgùdà ni Yorùbá ń pe ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe àwọn tó padà sí Èkó láti Brazil, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ náà.)

Àwọn tó fẹ́ jáde ló pọ̀ nínú àwọn aṣáájú Mayflower ní 1620, àwọn ló tẹ Plymouth dó. Ní 1630, John Winthrop kó àwọn Puritan tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì tẹ Boston dó ní Massachusetts. Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn náà wá: ìdílé ọlọ́lá kan tó jẹ́ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ Maryland ní 1634, William Penn sì gba Pennsylvania fún àwọn Quaker ní 1681. Ṣùgbọ́n ti Massachusetts ló kàn wá níbí.

Èrò Winthrop àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni pé gbogbo ìlú wọn ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú. Bí ìlú bá pa òfin Ọlọ́run mọ́, ire ni. Bí ẹnì kan bá yà bàrá, tí ìlú sì gbà á láyè, ìbínú Ọlọ́run lè dé bá gbogbo wọn, àtọmọdé àtàgbà. Ẹ má ṣe rò pé ìkà lásán ló mú wọn le. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n wà ní etí igbó tí wọn kò mọ̀, òkun ńlá wà láàárín àwọn àti ilé, wọn kò sì fẹ́ mú Ọlọ́run bínú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣòfin pé ọmọ ìjọ nìkan ló lè dìbò, àti pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, yálà wọ́n gbàgbọ́ tàbí wọn kò gbàgbọ́.

Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Roger Williams bọ́ sí.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí 1603. A kò lè dárúkọ ọjọ́ náà nítorí iná ńlá tó jó Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1666 jó ìwé ìjọ wọn. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá rẹ̀, àdúgbò Smithfield ni wọ́n sì ń gbé. Àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó ń ka èyí yóò mọ Smithfield sí ọjà ẹran. Láyé ìgbà náà, ibẹ̀ ni ìjọba ti máa ń dáná sun àwọn tí wọ́n pè ní aládàámọ̀. Ní 1612, nígbà tí Williams ṣì jẹ́ ọmọdé, wọ́n dáná sun ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bartholomew Legate níbẹ̀ nítorí ohun tó gbà gbọ́ nípa Jésù.

Ọmọ náà mọ̀wé. Ó kọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé kíákíá, èyí tí ènìyàn lè fi kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni. Edward Coke, adájọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Charterhouse. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Cambridge, ó gboyè ní 1627, ó sì di àlùfáà nínú ilé ọlọ́lá kan ní Essex. Ní 1629 ó fẹ́ Mary Barnard. Nígbà tó fi máa di òpin 1630, ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ń le mọ́ àwọn Puritan, ni tọkọtaya náà bá wọ ọkọ̀ Lyon ní Bristol. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Massachusetts ní oṣù kejì ọdún 1631.

Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn ará Boston fún un ní ipò olùkọ́ nínú ìjọ wọn, ipò tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọdé àlùfáà ì bá fi ayọ̀ gbà. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní ìjọ Boston kò tíì kọ ìjọ ọba sílẹ̀ ní gbangba, òun kò sì lè bá ìjọ tó ṣì ní ọwọ́ nínú ìjọ ọba ṣe pọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ láti inú ọkọ̀, tó ń sọ fún àwọn onílé pé ẹ̀sìn wọn kò mọ́ tó!

Ó lọ sí Salem, ó lọ sí Plymouth fún nǹkan bí ọdún méjì, ó tún padà sí Salem ní 1633. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀bùn fún àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà Wampanoag àti Narragansett tó ti wà níbẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ó ń sùn nínú ilé wọn tí èéfín kún, ó sì ń kọ́ èdè wọn. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Èkínní, ó kọ̀wé pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, nítorí ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n lọ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ ọba ni gbogbo Massachusetts dúró lé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn náà ló tako ìbúra tí ìjọba fẹ́ kí gbogbo ọkùnrin ṣe ní orúkọ Ọlọ́run. Ó ní àdúrà ni ìbúra, kò sì tọ́ láti fi agbára mú aláìgbàgbọ́ gbàdúrà.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ Òfin Mẹ́wàá. Ẹ mọ̀ pé mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ dá lórí bí ènìyàn ṣe ń sin Ọlọ́run: má ṣe bọ òrìṣà, pa ọjọ́ ìsinmi mọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù dá lórí bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé: má jalè, má pànìyàn. Williams sọ pé ọ̀rọ̀ olè àti ìpànìyàn nìkan ló kan ìjọba. Mẹ́rin àkọ́kọ́ wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, adájọ́ kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ohun tó ń jà fún: ẹ̀rí-ọkàn. Ẹ pín in sí méjì kó lè yé yín. Ẹ̀rí ni ohun tí ẹlẹ́rìí ń jẹ́ níwájú adájọ́. Ẹ̀rí-ọkàn ni ẹ̀rí tí ọkàn ènìyàn ń jẹ́, yálà fún un tàbí lòdì sí i. Lójú Williams, ilé ẹjọ́ tí ẹ̀rí yẹn ti ń ṣiṣẹ́ kò sí ní ayé yìí. Bí ìjọba bá fi ẹ̀wọ̀n mú mi sọ pé mo gba ohun tí n kò gbà gbọ́, kò sọ mí di onígbàgbọ́. Òpùrọ́ ló sọ mí dà, ó sì mú mi purọ́ níwájú Ọlọ́run.

Àwọn adarí Massachusetts kò kọ́kọ́ fi agbára mú un. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n rán àwọn àlùfáà sí i, John Cotton wà lára wọn. Nígbà tí ìjọ Salem ṣe é ní olùkọ́ wọn bí wọ́n ti kìlọ̀ tó, ìgbìmọ̀ Massachusetts kọ̀ láti fọwọ́ sí ilẹ̀ kan tí Salem ń béèrè fún, títí tí Salem yóò fi já a sílẹ̀. Ẹ̀rù ilẹ̀ ba àwọn ará Salem. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1635, ìgbìmọ̀ dájọ́ pé kó kúrò ní Massachusetts. Nítorí pé ara rẹ̀ kò yá, tí ìgbà òtútù sì ń bọ̀, wọ́n gbà kó dúró di ìgbà ìrúwé tí kò bá tan èrò rẹ̀ kálẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni Mary bí ọmọbìnrin wọn kejì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: wọ́n pè é ní Freeborn, ìyẹn ọmọ tí a bí sínú òmìnira.

Dájúdájú, Williams kò pa ẹnu mọ́. Àwọn ènìyàn ń wá bá a nílé, ó sì ń kọ́ wọn. Ní oṣù kìíní 1636, ìgbìmọ̀ rán ọ̀gágun kan láti lọ mú un, kí wọ́n sọ ọ́ sínú ọkọ̀ tó ń padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọ̀gágun náà dé, ilé ti ṣófo. Ó ti lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ta ló ta á lólobó? John Winthrop fúnra rẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i pé èrò rẹ̀ léwu. Winthrop kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé kó gba ọ̀nà Narragansett lọ. Títí ayé ni Williams sì fi ń pe Winthrop ní ọ̀rẹ́. Nǹkan tó máa ń wú mi lórí nínú ìtàn yìí nìyẹn, ju ọ̀pọ̀ àwọn nǹkan tí wọ́n kọ sí ìdí ère lọ.

Mary dúró sí Salem pẹ̀lú ọmọ méjì, èyí àbúrò kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ ń rìn nínú yìnyín. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni òun fi rìn kiri láìmọ ohun tí oúnjẹ tàbí ibùsùn jẹ́. Àwọn tó gbà á sílé ni àwọn Wampanoag, ọba wọn Massasoit sì fún un ní ilẹ̀. Ó ti gbin ọ̀gbìn sí i nígbà tí gómìnà Plymouth ránṣẹ́ pé ilẹ̀ yẹn bọ́ sí ààlà àwọn, kí ó jọ̀wọ́ kọjá odò sí òdì kejì kí àwọn ará Boston má baà bínú. Ó fi ọ̀gbìn rẹ̀ sílẹ̀, òun àti ènìyàn díẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n sì kọjá.

Ní òdì kejì, ọba méjì ló ń darí àwọn Narragansett: Canonicus tó ti darúgbó, àti Miantonomi, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Àwọn ló fún un ní ilẹ̀ tó tẹ̀ dó. Williams tẹnu mọ́ ọn títí tó fi kú pé owó kò lè ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Canonicus, ìfẹ́ àti ojú rere ló fi rí i gbà. Ó sọ ibẹ̀ ní Providence, ìyẹn ìpèsè Ọlọ́run. Ọdún 1636 nìyẹn. Mary àti àwọn ọmọ wá bá a níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní 1638, Providence náà ni wọ́n sọ ọ́.

Ohun tuntun tó wà nínú ìlú yìí kéré lórí ìwé. Àwọn tó wá gbé ibẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé àwọn yóò máa tẹ̀ lé ìpinnu tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ṣe, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìlú nìkan. Gbólóhùn kékeré yìí ti ẹ̀sìn sẹ́yìn òfin. Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joshua Verin kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa lọ gbọ́ ìwàásù nílé Williams, ó sì ń lù ú. Àwọn kan sọ pé Bíbélì ní kí aya tẹrí ba fún ọkọ, pé ẹ̀rí-ọkàn Verin náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ìlú jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní 1638, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ Verin nítorí pé ó dí ẹ̀rí-ọkàn ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Verin bínú kó padà sí Salem, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Bóyá ìyẹn ni obìnrin náà fẹ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ní àkókò kan náà, ìṣòro ńlá ń bọ̀. Àwọn ẹ̀yà Pequot àti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ jagun. Bí Narragansett bá dara pọ̀ mọ́ Pequot, ó ṣeé ṣe kí Gẹ̀ẹ́sì ṣègbé. Àwọn tó lé Williams lọ wá kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà wọ́n. Ó wọ ọkọ̀ kékeré lójú ẹsẹ̀, ìjì ń jà, ó lọ bá Canonicus. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ní ilé ọba náà pẹ̀lú àwọn ońṣẹ́ Pequot, ó sì ń bẹ̀rù lóru pé wọ́n lè dúńbú òun. Narragansett gbà láti ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn. Ní oṣù karùn-ún 1637, Gẹ̀ẹ́sì dáná sun odi Pequot kan ní Mystic, wọ́n sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù di ẹrú. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Desire kó díẹ̀ nínú àwọn ìgbèkùn náà lọ tà ní erékùṣù Kàríbíánì, ó sì padà sí Boston ní 1638 pẹ̀lú àwọn ènìyàn dúdú.

Níbí ni ìtàn akọni wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Williams kọ̀wé sí Winthrop pé kó ṣàánú àwọn ìgbèkùn, pé kó má ṣe sọ wọ́n di ẹrú títí ayé. Ṣùgbọ́n ó tún bẹ Winthrop pé kó fún òun ní ọmọ Pequot kan láti máa sìn òun nílé.

Ẹ̀yin tí ìdílé yín jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi lè fẹ́ gbọ́ èyí. Ní nǹkan bí 1638, Williams gbà pé ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́ kò tọ́, nítorí ọmọ ọwọ́ kò lè yàn. Ezekiel Holliman rì í bọmi, òun náà sì ri Holliman àti àwọn mìíràn bọmi. Báyìí ni ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Providence. Láti inú àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà ni Thomas Jefferson Bowen ti wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Williams fúnra rẹ̀ kò ju oṣù díẹ̀ lọ nínú ìjọ náà. Ó ní ẹ̀ka ìjọ tòótọ́ ti gé láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì, ó sì di ìgbà tí Kristi bá rán àwọn tuntun. Láti ìgbà náà títí tó fi kú, kò sí ìjọ kankan tó pé lójú rẹ̀. Ó ń gbàdúrà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nílé, ó ń dáko, ó sì ń ṣòwò.

Ní 1643, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Massachusetts fẹ́ gba ilẹ̀ Providence mọ́ tiwọn. Ó di dandan kó lọ gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nítorí pé òfin kò jẹ́ kó gba Boston kọjá, ibùdókọ̀ àwọn Dutch, èyí tó di New York lónìí, ló ti wọkọ̀. Lórí òkun ló ti kọ ìwé tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀: *A Key into the Language of America*. Èdè Narragansett ló dá lé, orí 32 ló ní. Ọ̀rọ̀ wo lẹ rò pé ó wà ní orí àkọ́kọ́? Ìkíni ni! Lẹ́yìn ìkíni ni oúnjẹ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò, lẹ́yìn náà oorun àti ibùsùn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti bá wí rí nítorí pé kò kí àgbà ilé, yóò mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Ìwé náà ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn yìí máa ń fún àlejò ní oúnjẹ tó dára jù lọ, wọ́n tilẹ̀ máa ń sùn síta kí àlejò lè rí ibi sùn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Amẹ́ríkà ń lò fún irú elégédé kan, squash, wá láti inú èdè wọ̀nyí, ẹ ó sì rí i nínú ìwé náà. Lónìí, ó wà lára ohun tí àwọn ọmọ Narragansett ń yẹ̀ wò láti wá èdè àwọn babańlá wọn padà.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti tẹ ìwé yìí ní 1643. Ọdún 1843 ni wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Ajayi Crowther ní ìlú kan náà, igba ọdún géérégé. Ìyàtọ̀ ńlá ni pé ọmọ onílé ni Crowther.

Ogun abẹ́lé ń jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Williams dé ibẹ̀. Èédú kò wọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù mọ́, ó sì bá wọn wá igi ìdáná fún àwọn tálákà. Ó rí ìwé àṣẹ gbà ní oṣù kẹta 1644. Ó sì tún tẹ ìwé mìíràn jáde, *The Bloudy Tenent of Persecution*, níbi tí Òtítọ́ àti Àlàáfíà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ méjì tí ayé ti lé kúrò nílé. Ó béèrè òmìnira níbẹ̀ fún Júù, fún Mùsùlùmí, fún abọ̀rìṣà, àní fún Àgùdà àti aláìgbàgbọ́, pé idà Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan ni kí a fi bá wọn jà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pàṣẹ ní oṣù kẹjọ pé kí wọ́n dáná sun ìwé náà ní gbangba. Ó ti wà lójú ọ̀nà ilé. Nígbà tó dé etí odò tó kọjá ní 1636, ọkọ̀ kékeré mẹ́rìnlá ló jáde wá pàdé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Williams fẹ́ dáàbò bo ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀sìn. Ó tọ́ kí ẹ mọ̀ pé òdì kejì ló ń bà á lẹ́rù jù. Ó fi ìjọ wé ọgbà, ó fi ayé wé aginjù. Tí ògiri tó wà láàárín wọn bá ti wó, aginjù ni yóò gba ọgbà. Ìjọba tó bá ń yan ẹ̀sìn fún ènìyàn yóò ba ẹ̀sìn náà jẹ́.

Ó tún padà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1651 láti gbèjà ìwé àṣẹ náà, ó sì ní láti ta ilé òwò rẹ̀ kó tó lè rówó lọ. Ní ìgbà yẹn, òun àti akéwì John Milton ń kọ́ ara wọn ní èdè: Williams ka Dutch fún un, Milton náà sì ka èdè mìíràn fún un. Nígbà tó padà sílé ní 1654, wọ́n fi í ṣe olórí Rhode Island, orúkọ tí a mọ̀ fún Providence àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ibẹ̀ ló ti rí i pé òmìnira kì í ṣe ohun ìrọ̀rùn. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rí-ọkàn àwọn kò gbà kí àwọn dáàbò bo ìlú. Ó kọ̀wé sí wọn ní 1655, ó fi ìlú wé ọkọ̀ òkun. Àgùdà, Júù àti Mùsùlùmí lè wà nínú ọkọ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dandan mú wọn wá sí àdúrà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá kọ̀ láti san owó ọkọ̀, tàbí tó bá fẹ́ ba ọkọ̀ jẹ́, ọ̀gá ọkọ̀ lè fi ìyà jẹ ẹ́.

Àwọn Júù dé Newport ní nǹkan bí 1658, àwọn Quaker sì ti dé ṣáájú wọn. Massachusetts ní kí Rhode Island lé àwọn Quaker. Rhode Island fèsì pé ìyà ni àwọn ènìyàn náà ń fẹ́, àti pé níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti fi ìyà jẹ wọ́n, wọn kì í fẹ́ dúró pẹ́. Massachusetts so Quaker mẹ́rin rọ̀ ní Boston láàárín 1659 àti 1661. Mary Dyer, ará Rhode Island, wà lára wọn.

Kí ẹ sì wá gbọ́: Williams kórìíra ẹ̀kọ́ Quaker! Ó gbà pé ìmọ́lẹ̀ inú tí wọ́n ń sọ jẹ́ ẹ̀tàn. Ní 1672, nígbà tó ti sún mọ́ ẹni 70 ọdún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ láti Providence dé Newport, nǹkan bí máìlì 30, kó lè bá wọn jiyàn ní gbangba. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pariwo lé ara wọn lórí níbẹ̀. Ó kọ odindi ìwé bú wọn lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, kò ní kí ìjọba fi ìyà jẹ wọ́n nítorí ohun tí wọ́n gbà gbọ́.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ korò. Ní 1675 ogun bẹ́ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Massasoit, Metacom, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní King Philip. Narragansett kò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ọmọ ogun Massachusetts, Plymouth àti Connecticut kọlù wọ́n nínú àbàtà kan, wọ́n sì dáná sun obìnrin, ọmọdé àti arúgbó. Ní oṣù kẹta 1676, àwọn jagunjagun Narragansett wá sí Providence. Wọ́n ní arúgbó náà jáde lọ pàdé wọn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn kò ní fọwọ́ kan òun. Wọn kò fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Wọ́n sun ìlú, ilé rẹ̀ sì jóná mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹjọ, Williams wà nínú ìgbìmọ̀ tó ta àwọn ìgbèkùn, pé kí wọ́n sìn fún iye ọdún kan, ó sì gba ìpín nínú owó náà. Àwọn ọmọ ẹni tó fún un ní ilẹ̀ ni. Ní 1652, Providence àti Warwick ti ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ènìyàn dúdú tàbí funfun sìn ju ọdún mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ lé e. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé ikú Williams, ọkọ̀ ẹrú tó jáde láti Rhode Island lọ sí Áfíríkà pọ̀ ju ti ibi yòówù ní Àríwá Amẹ́ríkà lọ. Ìdílé DeWolf ti Bristol ní Rhode Island ní oko ní Cuba. Àwọn ará Cuba tó ń ka èyí mọ ohun tí oko náà túmọ̀ sí.

Williams kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1683. Ìwé àṣẹ tí John Clarke gbà lọ́wọ́ Ọba Charles Kejì ní 1663 ti fi òmìnira ẹ̀rí-ọkàn sínú òfin Rhode Island nígbà náà, òfin yẹn sì dúró di 1843. Massachusetts kò fagi lé ìdájọ́ tí wọ́n fi lé e jáde àfi ní 1936.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, láìsí òkúta. Ní 1860, àwọn kan gbẹ́ ibẹ̀ láti wá egungun rẹ̀ kí wọ́n lè fún un ní sàréè tó yẹ. Ohun tí wọ́n bá ni gbòǹgbò igi ápù tó ti gba ibi tí òkú náà wà kọjá, tó tẹ̀ níbi orúnkún, tó sì ya bí ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n gbé gbòǹgbò náà, ó sì wà ní Providence títí di òní, níbi tí ẹ ti lè lọ wò ó.